Ajẹ-má-fọhùn Inú Ògiri Wa

Ajé, 5 Oṣù Kẹjọ
Èmi Nevio ni baba àwọn òpùrọ́ ní gbogbo agbègbè Tọ́síkánà. Nígbà ìkórè àjàrà èṣí, mo ní orí ń fọ́ mi, mo fi dùbúlẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mo tan Màmá, mo tan dókítà, mo tan àlùfáà. Bàbá Àgbà nìkan ni kò gbà. Ó ní orí tó mọ ọjọ́ ìkórè, orí ọlọ́gbọ́n ni.

Lónìí orí ń fọ́ Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀. Òun kì í purọ́.

Ìṣẹ́gun, 6
Ọrùn rẹ̀ ti gan. Ó ń fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú pe Màmá. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Bọ̀, 8
Ajẹ-má-fọhùn ló fà á — eṣinṣin bíńtín inú ihò ògiri, tí kì í kùn bí ẹ̀fọn kó tó mu ẹ̀jẹ̀. Àrùn tó gbé wá ti dé awọ tó bo ọpọlọ. Dókítà ní kò sí oògùn rẹ̀, ara ni yóò bá a jà, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣẹ́gun. Màmá gbọ́ "kò sí oògùn". Kò gbọ́ ìyókù. Kò jẹun.

Àbámẹ́ta, 10
Àwọn aṣèwádìí dé. Ọ̀gá wọn obìnrin — mo sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Wọ́n ki bébà tí wọ́n fi epo kùn bọ ihò ògiri gbogbo, kí eṣinṣin lè lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n tún fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ wa, láti mọ iye ẹni tí àrùn náà ti ṣe rí. Màmá Iole, aládùúgbò wa, ní ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin lòun ti ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ òun, òun ò fún àlejò. Kò sẹ́ni tó ká apá aṣọ sókè. Mo ní mo ti fún ọba kan lẹ́jẹ̀ rí. Mo na apá. Màmá Iole ní, "Bí játijàti yìí bá lè ṣe é, kí ló kù?" Ó tò sẹ́yìn mi.

Rírú, 14
Bàbá Àgbà lajú. Ó tún pa á dé.

Ajé, 19
Èsì dé. Nínú ẹni mẹ́tàlélógún tó fún wọn lẹ́jẹ̀, àwa méje ni àrùn náà ti ṣe rí, tí ẹ̀jẹ̀ wa sì ti ṣẹ́gun rẹ̀. Màmá Iole wà níbẹ̀, kò tiẹ̀ mọ ọjọ́ tó ṣe òun. Èmi náà wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ bi mí bóyá orí ti fọ́ mi gidi rí. Màmá wò mí títí. Ó ní, "Ìgbà ìkórè." Lẹ́yìn náà ló fa búrẹ́dì àti tòmátì mọ́ra, ó jẹ àwo méjì. Ó ní bí ara ọmọ òun bá borí rẹ̀, ti baba òun á borí.

Ìṣẹ́gun, 20
Bàbá Àgbà jókòó. Ó bú nọ́ọ̀sì nítorí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.

Ó dáa. Irọ́ tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ nìyí: n ò tan ẹnì kankan. Orí fọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo sunkún sínú ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá Àgbà ti sọ̀rọ̀ orí ọlọ́gbọ́n yẹn, gbogbo wọn ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó sàn kí n jẹ́ òpùrọ́ ju ẹni tí wọn ò gbà gbọ́ lọ.