Ignatius Ọláyínká Candido, Ẹni Tí Ń Wá Ohun Tí Ó Wà Lábẹ́ Awọ

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 1896 ni a bí bàbá wa, Ignatius Ọláyínká Candido, ní Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó. Frederick Candido, bíríkìlà, ni bàbá tí ó bí wọn. Henrietta Àṣàbí, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ni ìyá wọn. Láti Bahia, ní òkè òkun, ni bàbá bàbá wọn ti wọ ọkọ̀ ojú omi padà wálé.

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Fádà ni wọ́n lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn máa ń sọ pé bí ìyá wọn bá ra ẹja, Bàbá kì í jẹ́ kí a sè é títí wọn yóò fi béèrè iṣẹ́ gbogbo ohun tí ó wà níkùn rẹ̀.

Ní ọdún 1924 wọ́n gbé Louisa Àyìnkẹ́ níyàwó. Nígbà náà, ilé-ìwòsàn kan ní Erékùṣù ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ti àwọn aláìsàn. Nígbà tí ẹ̀rọ ẹ́síréè tí ń ya àwòrán inú ara dé síbẹ̀, Bàbá ni ó kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí a kọ́ òun ní lílò rẹ̀, iṣẹ́ náà ni wọ́n sì ń ṣe láti ìgbà náà.

Ní ọdún 1953, àgbá epo kan yí lu itan Lùkúmọ̀n, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ń kó ẹrù ní Marina. Kò pẹ́, kókó líle kan yọ nínú iṣan itan náà, ó sì ń tóbi sí i. Dókítà Dáfídì Macfoy, tí ń tọ́jú rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn náà, bẹ̀rù pé jẹjẹrẹ ni, pé ó lè di dandan kí a gé ẹsẹ̀ náà. Nígbà tí Bàbá ya àwòrán tán, Lùkúmọ̀n béèrè ohun tí wọ́n rí.

“Kò sí ohun tí ó ṣe eegun rẹ,” ni Bàbá wí. “Inú ẹran ni kókó yìí wà, ẹ̀rọ wa kì í sì í rí ẹran dáadáa. Òjìji kan wà níbẹ̀. N kò tíì mọ ohun tí ó jẹ́.”

Òjìji náà kò jẹ́ kí Bàbá sinmi. Oúnjẹ tutù mọ́ wọn lọ́wọ́ nílé. Wọ́n tọ Dókítà lọ, wọ́n béèrè bóyá a lè tún un yà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí a sì dín agbára ẹ̀rọ náà kù kí ẹran lè hàn. Dókítà ní òun náà ti kà pé iṣan tí ó fara pa a máa di eegun nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ni, dídúró lè pa ọkùnrin náà. Wọn kò fi èyí pamọ́ fún Lùkúmọ̀n àti Afusat, ìyàwó rẹ̀. Afusat ni ó kọ́kọ́ fèsì.

“Ẹ jẹ́ kí a dúró. Ẹsẹ̀ tí a bá ti gé, a kò lè tún un wò mọ́.”

Nínú àwòrán kejì, ìlà funfun kan yí kókó náà ká bí èèpo ẹyin, àárín rẹ̀ kò sì ní eegun. Dókítà wò ó títí, ó ní jẹjẹrẹ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ọgbẹ́ inú iṣan ni ó ń di eegun láti etí wá. Wọn kò fi ọ̀bẹ kàn án. Kí ọdún tó yí, kókó náà ti súnkì, Lùkúmọ̀n sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Bàbá kì í pa Máàsì àárọ̀ jẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọ́n máa ń jókòó síwájú ilé, kí ẹni tí ìlọ sí ilé-ìwòsàn ń bà lẹ́rù, Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, lè wá béèrè ohun tí yóò bá níbẹ̀.

Ní ọdún 1957, kókó kan yọ ní èjìká Bàbá fúnra wọn. Wọ́n ní kí Màríà, ọmọ wọn tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbé àwòrán tí a yà nínú èjìká náà sí ojú fèrèsé. Wọ́n fi ìka tọ etí òjìji náà yíká, láìkánjú.

“Wò ó, Màríà,” ni wọ́n wí. “Èyí kò ní ààlà.”

Wọ́n wá ní kí a fi àwòrán náà sílẹ̀ fún àwọn tí ń kọ́ṣẹ́, kí wọ́n lè mọ ìyàtọ̀ láàárín jẹjẹrẹ àti irú kókó ti Lùkúmọ̀n. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá ọdún 1958, Bàbá dákẹ́.

Wọ́n fi Ìyá wa Louisa sílẹ̀, pẹ̀lú àwa ọmọ wọn, Màríà, Táíwò àti Henrietta, àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá.

Ẹ sùn re o, Bàbá. Kí Ọlọ́run fi ìyókù hàn yín.