Gìtá Onírin Bàbá àti Ọ̀gá Olórin Tó Ti Ìbàdàn Dé

                                                  Ilé Àbọ̀dé,
                                                  Fìdítì,
                                                  Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                                  Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kọkànlá, 2024.

Ifáníkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Ifábùnmi ńkọ́? Ifábùnmi fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Ẹ kú iṣẹ́ oko ní Ìlọra o, Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i. Tiwa náà ò burú, àfi ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Má bínú pé ìwé ni mo kọ, tí mi ò pè ọ́. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ló jókòó sí pálọ̀ tó ń jẹ ẹ̀bà mi, ògiri ilé wa ò sì nípọn.

Àbúrò mi Ṣàmsúdéènì ti dé láti Ìbàdàn. O rántí rẹ̀, ẹni tó máa ń fi dígí dúdú sójú wọ mọ́ṣáláṣí. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu Bàbá, a ò rójú rẹ̀. Ìwọ náà mọ bí Bàbá ṣe wà: ọwọ́ ọ̀tún wọn ò gbé nǹkan mọ́, ọ̀rọ̀ ò sì jáde lẹ́nu wọn. Dókítà ní ká máa bá wọn sọ̀rọ̀, pé ohùn náà lè padà. Ohun kan ṣoṣo tó ṣì ń mú ojú wọn tàn ni gìtá onírin yẹn, gìtá Hàwáì tí wọ́n rà lọ́wọ́ atukọ̀ òkun kan kí wọ́n tó fẹ́ ìyá wa. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé e sórí itan wọn, tí wọ́n á máa fi ọwọ́ òsì nù ún.

Gìtá yìí náà ni Ṣàmsúdéènì wá gbé. Ó ní Bàbá ò lè lò ó mọ́, pé òun á gbé e kọ́ ara ògiri pálọ̀ òun n'Íbàdàn, òun á máa fi dá àwọn ọ̀rẹ́ òun lára yá. Ẹ gbà mí o! Ohun tó so ẹ̀mí Bàbá ró ló fẹ́ lọ gbé kọ́ ògiri. Mo ní kò lè ṣeé ṣe. Ó ní òun ni àrólé, àti pé òun ti mọ̀ ọ́n ta.

Ọ̀rẹ́ mi, wá wo mímọ̀-ọ́n-ta! Ó gbé gìtá Hàwáì kọ́ ọrùn. Ohun tí wọ́n ń tẹ́ sórí itan bí ọmọ tuntun, tí wọ́n ń fi irin róbótó yọ̀ lórí okùn rẹ̀ kó lè máa sunkún, kó máa rẹ́rìn-ín, òun gbé e nàró, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́. Okùn náà ga, kò ṣeé tẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ṣé ẹni tó ti mọ gbogbo nǹkan á béèrè ni? Ó pòṣé, ó ní ẹni tó ṣe gìtá náà ò mọṣẹ́. Ló bá gbé e lọ bá káfíńtà kan ní Jobele, ìyẹn bá a fá igi tó gbé okùn sókè lọ́rùn gìtá. Nígbà tó gbé e dé lánàá, tí a fi irin kàn án, ó ń dún bí ìgbà tí ewúrẹ́ ki orí bọ agolo. Ọ̀gá olórin!

Mo bú u títí ohùn mi fi há. Bàbá ń wò wá láti orí àga wọn. Nígbà tó yá, wọ́n na ọwọ́ òsì sí ara ògiri, síbi tí kàlẹ́ńdà wà. Wọ́n nà án, wọ́n tún nà án. Ṣàmsúdéènì ní ó ti yé òun, pé Bàbá fẹ́ mọ ọjọ́ tí òní jẹ́ ni. Ló bá lọ dúró níwájú wọn, ó ń pariwo, "Sátidé! Sátidé ni!" bí ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀. Bàbá wò ó tòkè-tilẹ̀. Èmi náà já kàlẹ́ńdà fún wọn, wọ́n gbá a dànù, ọwọ́ wọn ṣì wà lókè. Ìgbà yẹn ló tó yé mi: ìṣó ni wọ́n ń wí, ìṣó ńlá tí a fi kọ́ kàlẹ́ńdà. Ó jọ pé ìwà òmùgọ̀ Ṣàmsúdéènì ràn mí díẹ̀.

Mo fi píńsì yọ ọ́. Bàbá fi ojú júwe pé kí n fi há abẹ́ okùn, níbi tí káfíńtà ti fá a. Okùn gbéra. Wọ́n mú irin róbótó sọ́wọ́ òsì, wọ́n gbé e lé okùn, wọ́n wá ń wò mí. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń ta okùn ni wọn ò ní. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ ọ̀tún tèmi ta á, àwọn náà sì ń fa irin lọ díẹ̀díẹ̀. Ohùn náà jáde, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí Ṣàmsúdéènì rí sọ ni pé ká dúró kí òun mú fóònù wá. À ń bá orin wa lọ.

Lójijì ni Bàbá dá irin dúró. Ètè wọn ń gbọ̀n. Wọ́n ní, "Tahirah, rọra. Kì í ṣe iyán lò ń gún."

Ifáníkẹ́, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu Bàbá láti ọjọ́ àìsàn, èébú ni, èmi ni wọ́n sì bú! Mo sunkún bí ọmọdé. Ọ̀gá olórin máa padà s'Íbàdàn lọ́la, ọwọ́ òfìfo ni.

Bá mi kí Bàbá Ifábùnmi àti gbogbo ará ilé.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ ọlọ́wọ́-líle,
Tahirah Àbọ̀dé.