Ìyá Rúlà àti Ìbéèrè Keje

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1948 ni wọ́n bí màmá wa olóògbé, àkọ́bí káfíńtà tó ń kan bẹ́ǹṣì ilé ẹ̀kọ́ àti aránṣọ tó ń rán yunifọ́ọ̀mù. Rúlà onígi tí bàbá wọn gé fún wọn ní ọdún 1954, nígbà tí wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò kúrò nínú báàgì wọn. Ìlà ni wọ́n fi ń fà. Wọn kò fi na ọmọ ọlọ́mọ rí. Òun ni wọ́n fi ń jẹ́ Ìyá Rúlà.

Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní 1969. Wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kan tó ń pín lẹ́tà ní 1971. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni wọ́n fi kọ́ni ní ìṣirò, ní ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo.

Ní 1984, wọ́n wà lára àwọn tó ń máàkì ìdánwò àṣewọlé sí ilé ẹ̀kọ́ girama. Nọ́ńbà ló wà lórí ìwé ìdáhùn, kì í ṣe orúkọ, ṣùgbọ́n wọ́n dá ọwọ́ ìkọ̀wé àkọ́bí wọn mọ̀. Ó yẹ kí wọ́n dá ìwé náà padà kí ẹlòmíràn máàkì rẹ̀. Wọn kò dá a padà. Ìdáhùn ọmọ náà sí ìbéèrè keje kò tọ̀nà. Wọ́n fún un ní máàkì méjì nítorí ọ̀nà tó gbà ṣe é. Àpapọ̀ rẹ̀ di mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ọgọ́ta ni wọ́n fi ń wọlé. Màmá kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní 2006, ìjọba fẹ́ kí òfin kan tó de àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba de àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú: kí òṣìṣẹ́ kéde ìpinnu tó bá kan ìbátan rẹ̀, kí ó sì yẹra fún un. Nínú ìpàdé, olùkọ́ eré ìdárayá béèrè pé, "Ṣé mínísítà ni wá ni? Kí la fẹ́ kéde, ṣọ́ọ̀kì?" Àwọn olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Màmá dìde: "Èmi ní ohun tí mo fẹ́ kéde." Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní, "Ìyá Rúlà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ má kó bá wa." Màmá sọ ọ̀rọ̀ ìwé ìdáhùn ti 1984 tán kí wọ́n tó jókòó.

Òfin náà dé ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún kejì. Ìgbìmọ̀ ìdánwò yọ màmá kúrò. Àwọn kan ní yàrá olùkọ́ kò kí wọn mọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2008.

Ìyẹn kọ́ ló ń dà wọ́n láàmú. Àwọn ìwé ìdáhùn náà ti jóná tipẹ́, ẹnikẹ́ni kò lè tún wọn máàkì. Màmá kò mọ̀ bóyá olùkọ́ ló fún ọmọ náà ní máàkì méjì yẹn, tàbí ìyá rẹ̀. Wọ́n ń tún ìbéèrè keje ṣe lẹ́yìn àpòòwé àti lára kàlẹ́ńdà. Nínú ilé àdúrà, wọ́n á máa fi ìka ṣírò láàárín orin. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n di ọwọ́ àkọ́bí wọn mú: "Báwo lo ṣe ṣe ìkeje yẹn gan-an?" Ó ní òun kò rántí. Wọ́n tún bi í lọ́jọ́ kejì.

Wọ́n jáde láyé lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ọkọ wọn ti ṣáájú. Ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ méje ló gbẹ̀yìn wọn.

Ìdílé ní ohun kan láti kéde. Àkọ́bí wọn ló kọ ìtàn yìí. Kí ẹni tó bá kà á fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ sùn re o, màmá. Ìwé ìdáhùn náà ti kúrò lọ́wọ́ yín.