Mo Ti Ń Bá Ọ Ṣe Ìdárayá Itan Rẹ

Abúlé Ìdí-Òro,
Lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́.

Jàfárù Àlàó ọmọ mi,

Àsàláámù àlékùmù. Ó yẹ kí n kọ ọ́ pé mo nírètí pé ìwé yìí á bá ọ nínú àlàáfíà, àmọ́ irọ́ ni n ó máa pa, torí ìwé tó o fi rán Mùsílíù onímọ́tò ti dọ́wọ́ mi, mo sì ti kà á pé iṣan abẹ́ itan rẹ tún ti já. Ọlọ́run á fọwọ́ tọ́ ọ. Á bá wa so ó pọ̀ níbi tó ti já, áámín. Ẹ kú ooru Níàmé, bá mi kí onílé yín ní àdúgbò Gamkalley, kó má ṣe bínú pé o ò lè bá wọn gbálẹ̀.

Ilé wà bó o ṣe mọ̀ ọ́n. Zubaidat àbúrò rẹ ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, àgbàdo ti yọ, ewúrẹ́ funfun bí méjì, ọ̀kan ò sì fẹ́ mu ọmú. Mi ò tíì lè kó ẹrù bàbá yín kúrò ní yàrá, bí mo bá ṣílẹ̀kùn màá tún tì í. Mi ò bú ọ pé o ò wá sin ín. Mo mọ̀ pé ìgbà yẹn gan-an ni itan yìí kọ́kọ́ fà ọ́, tí o ò lè jókòó nínú ọkọ̀ láti ọ̀hún débí. Àmọ́ mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Mùsílíù ní owó òkúta yùráníọ̀mù tí wọ́n ń wà ní aṣálẹ̀ yín ti sọ Níàmé di ọ̀tun, pé àwọn sójà tó ń ṣèjọba níbẹ̀ ń kọ́lé gogoro, àti pé kọ́ńpìnnì tó gbà ọ́ síṣẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù ló ń wà á. Ó ní òkúta náà ló ń tan iná fún gbogbo ìlú àwọn Faransé. Ó wá yà mí lẹ́nu pé ìwọ wà nídìí rẹ̀, èmi ń ra kẹrosíìnì. Di ẹyọ kékeré kan sínú aṣọ kó o fi ránṣẹ́, n ó jù ú sínú àtùpà. Bí sójà bá bi ọ́ ní bodè, sọ pé ìyá rẹ ló ni ín, kò sí sójà tí kò ní ìyá.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n mú kálàmù nìyí. Nínú ìwé tó o kọ lẹ́yìn Ìtúnu, o ní Boubacar, ọ̀gá tó ń kọ́ yín ní bọ́ọ̀lù, ní kí abẹ́ itan má bàa já, kí ẹ máa mú un le kí ẹ tó wọ pápá. Kí ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ fi bọ́ọ̀lù sáàárín orúnkún, kí ẹ fún un, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún fún un. Kí ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ òkè lé bẹ́ǹṣì, kí ẹ sì fi gbé ara sókè. Ó ní bó dùn yín bí kò dùn yín, ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣe é, torí iṣan tó ti le tẹ́lẹ̀ kì í tètè já. O ní bí tìrẹ bá tún já, wọ́n lè yọ ọ́ nínú ẹgbẹ́, ẹni tí kò sì sí nínú ẹgbẹ́, kọ́ńpìnnì ò ní í gbà á síṣẹ́ mọ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ lo wá kọ ọ́ pé o ò ráyè, pé láti ibi iṣẹ́ lo ti ń gba ọjà Katako lọ tajà, pé ìdárayá náà ti sú ọ.

Ó dùn mí dọ́kàn. Mo wá rántí ààwẹ̀ tí àìsàn ò jẹ́ kí bàbá yín gbà kó tó kú, tí Àlùfáà Sànúsí ṣí ìwé, tó ní àwa ẹbí lè bá a gbà á, mo sì gbà á pé. Mo ní bí mo bá lè gba ààwẹ̀ Àmúdà bàbá yín, kí ló dé tí mi ò lè ṣe ìdárayá Jàfárù? Bí mo bá ti kí Àsùbáà tán, màá dá àníyàn pé ti Jàfárù ọmọ Àmúdà ni mo fẹ́ ṣe yìí. Igbá kékeré ni mo kọ́kọ́ fi sáàárín orúnkún, ó fọ́. Mo wá ká láwàní bàbá yín bí òṣùká, mo dì í kó le, òun ni mo ń fún. Ti ẹ̀gbẹ́ yẹn nira o. Àpótí ìdáná ni mo ń gbé ẹsẹ̀ lé, Zubaidat bá mi nílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó figbe ta pé ìyá òun ti ṣubú. Mo ní kó jẹ́ kí n parí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ná.

Alihamudulilahi, ẹsẹ̀ mi le. Mi ò kí ń di ògiri mú mọ́ bí mo bá fẹ́ dìde lórí ìrun. Mo ní bó bá le lára arúgbó báyìí, báwo ni yóò ti rí lára ọmọ tí mo ń ṣe é fún. Àfi bí ìwé rẹ ṣe dé pé ó ti já, pé ńṣe ni wọ́n gbé ọ kúrò ní pápá, pé Boubacar ló bá ọ bẹ kọ́ńpìnnì kí wọ́n dúró dè ọ́ di ìgbà ọyẹ́, bó o bá lè mú itan náà le.

Mo gbé láwàní náà lọ bá Àlùfáà Sànúsí, mo ní kó bá mi wo ibi tí àníyàn mi ti wọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ìgbà tó rí i pé ẹkún lèmi ń sun, ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, “Mọ́rìlíátù, òkú là ń gba ààwẹ̀ fún. Jàfárù wà láàyè.”

Ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Gbogbo àárọ̀ tí mo fi ń dá àníyàn yẹn, mo ti tò ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá yín láìmọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni mo tú láwàní náà, ẹ̀rù sì ń bà mí títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Bówó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ rán Mùsílíù kí n fi dín àkàrà sàráà, torí Àlùfáà ní sàráà àti àdúà ni mo lè ṣe fún alààyè. Bí kò bá sí, má yáwó. Ọlọ́run á gbọ́ bùkátà rẹ, o ò ní fi ẹsẹ̀ kọ, o ò ní rọ, ojú mi á rí ọ, wàá sin mí, mi ò ní sin ọ́.

Ọmọ mi, mo ti sin ẹnìkan. Bí ìwé yìí bá ti dé, béèrè lọ́wọ́ Boubacar ìgbà tí iṣan náà á gbà kó o tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti gbà ọ́ láyè, dùbúlẹ̀, fi bọ́ọ̀lù sáàárín orúnkún rẹ, kó o fún un fúnra rẹ. Kó o wá kọ̀wé sí mi pé ó ń dùn ọ́, alààyè ni nǹkan ń dùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mọ́rìlíátù.