Òrùka Ṣílè Tí Bàbá Fi Ránṣẹ́ Láti Ojú Ogun

Ìwárò, Ọ̀kà-Àkókó,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹfà, 2024.

Caleb, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le, ṣé aya àti àwọn ọmọ wà dáadáa? Mo gbà á ládùúrà pé òtútù Jọ́s kò bá yín fínra jù. Ní tiwa níbí, n kò ní í purọ́ fún ọ, kò sí àlàáfíà.

O mọ̀ pé ìka Màmá wú débi pé ó ń dúdú. Dókítà ní Ìkàrẹ́ ní bí a kò bá gé òrùka náà kúrò, ìka yóò jẹrà. Màmá ní kí wọ́n kúkú gé ìka. Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Inú ikùn Màmá lo ṣì wà nígbà tí Bàbá lọ sógun Bìàfírà, èmi ni mo rí ọjọ́ tí òrùka yẹn dé. Sójà kan ará Ìpè ló mú un wá. Ó ní ṣílè kan ni Bàbá ń fi ẹ̀yìn ṣíbí lù létí lójoojúmọ́ nínú kòtò tí wọ́n sá sí, títí etí rẹ̀ fi fẹ̀, kó tó lu ihò sí i láàárín. Lẹ́tà ara owó náà ṣì hàn nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó fi rán an ni pé, "Má bọ́ ọ títí n ó fi dé." Bàbá kò dé, Màmá kò bọ́ ọ. Nígbà tí ẹbí ní kó ṣe opó, ó ní ẹni tí òrùka ọkọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe opó. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta nìyẹn.

Caleb, mo tàn án. Mo jẹ́ kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ oorun, mo buwọ́ lùwé. Ìwọ náà sọ lórí fóònù pé, "Irin lásán ni, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e." N kò dá ọ lẹ́bi, àwa méjèèjì la gé e.

Nígbà tó jí, ó wo ọwọ́ rẹ̀ títí. Ó ní, "Déwùnmí, o ti pa bàbá rẹ." Bí a ṣe délé, ó ní kí Fọlákẹ́ ọmọ mi fá irun òun. Ó wọ aṣọ dúdú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún Bàbá bí ẹni tó kú lánàá. Ìka ń san, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́fà rèé tí kò jẹun. Pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ṣe àmín, kò jẹun. Mo mú òrùka náà lọ bá alágbẹ̀dẹ kan n'Ìkàrẹ́, ó jó o pọ̀ dáadáa. Màmá dá a padà fún mi. Ó ní kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ òun mọ́.

Lánàá ó pe àwọn ọmọ ẹbí pé kí wọ́n gbẹ́ sàréè Bàbá sẹ́yìnkùlé, kí a sin òrùka náà dípò òkú rẹ̀, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó kú sájò. Wọ́n bi í bí yóò ti fẹ̀ tó. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kó gba ẹni méjì.

Máa bọ̀ kíákíá. Kí Olúwa sìn ọ́ dé ilé, kí àwọn ọmọ rẹ má sin Màmá láìrí i rí, bí ìwọ náà ti fẹ́ sin Bàbá.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ojú ń tì,
Déwùnmí.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: má ra oògùn bọ̀. Aṣọ funfun ni kí o rà. Màmá ní òun kò lè wọ aṣọ opó lọ pàdé ọkọ òun.