Fèrè Bàbá Wa Tó Wà Lára Ògiri Rẹ

                                        Yàrá Kejì,
                                        Ilé Alágbàfọ̀,
                                        Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, pàápàá ẹni tí mo pọ̀n.

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le, ọkàn mi ni ò balẹ̀. Láti àárọ̀, ìkòkò tó mọ́ ni mo tún ń fọ̀. Mo jókòó, mo dìde, mo yọjú síta, kò sẹ́ni tó ń bọ̀.

O ní fèrè kì í bọ́ èèyàn, pé kí Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, ọmọ-ọmọ mi, lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ ti kọjá ibẹ̀. Sátidé tó kọjá, wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, àwọn adájọ́ ti wá láti ilé ẹ̀kọ́ gíga orin. O mọ̀ pé ọdẹ báńkì tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, ọ̀sán ló ń sùn, torí náà mo máa ń ki gèlè mi àtijọ́ bọ ẹnu gbòòrò fèrè idẹ kí ọmọ tó fọn ọ́n. Ó ti mọ́ wa lára. Àfi bó ṣe dé iwájú àwọn adájọ́ tí fèrè ń dún bí ẹni tó da aṣọ borí. Mo rí etí gèlè mi tó yọ síta. Mo dìde. Olùkọ́ orin rẹ̀ fà mí láṣọ: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.” Mo ní, “Gèlè mi ló wà níbẹ̀ yẹn.”

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ gbọ́. Nígbà tí orin ní kó sinmi, ó fa gèlè yọ, ó jù ú sí èjìká, ó gbé fèrè sẹ́nu padà. Ohùn náà jáde bí ẹni ṣílẹ̀kùn. Àwọn adájọ́ rò pé bí wọ́n ṣe ń fọn ọ́n nìyẹn.

Ọ̀gá àgbà wá ka gbogbo ohun tó ti ṣe: ipò kìíní lọ́dún méjì léra, àwọn kékeré tó ń kọ́ lórin. Àwọn adájọ́ fún un ní sikọ́láṣíìpù sí ilé ẹ̀kọ́ gíga wọn, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ilé, oúnjẹ, títí yóò fi jáde. Wọ́n ní kí alágbàtọ́ rẹ̀ dìde. Mo ti wà lórí ìdúró tẹ́lẹ̀.

Fèrè nìkan ni wọn ò ní fún un. Èyí tó ń fọn, ti ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni, ó ti dá a padà. Ilé wá dákẹ́ débi pé ọdẹ kan ilẹ̀kùn, ó ní, “Ìyá, ṣé kò sí o? Mi ò rí oorun sùn.” Mọ́ńdè ni ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ tuntun. Ẹni tí ò bá mú fèrè tirẹ̀ wá, àyè rẹ̀ di ti ẹlòmíràn.

Èmi ni bàbá wa fi fèrè rẹ̀ sílẹ̀ fún, torí èmi ni mò ń nù ún. O yá a lọ́wọ́ mi fún ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ, o ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀rẹ́ yẹn ti ní ọmọ-ọmọ. Mo rí fèrè náà lára ògiri yín nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, òdòdó onírọ́bà ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tèmi ni mo nà yìí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ilé. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ní kí n kí ọ. Kò mọ ohun tí mò ń kọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ò ní bẹ̀ ọ́,
Ìyá Alágbàfọ̀.

Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Yọ òdòdó yẹn kúrò, kí o gbé fèrè mi fún un.