"Kò Burú" Bàbá Ni Mo Kà sí Bẹ́ẹ̀ Ni

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bú mi. Muchia ni mò ń gbé ní Zaria níbí, ọmọ Ìlọrin ni wá, àmọ́ Hausa yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Àwa kan jọ ń ṣe app kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Wásáàpù la ti ń sọ̀rọ̀... àfi bí àwọn kan ṣe ní code ń sọnù sáàárín good morning, ẹ jẹ́ ká kó lọ sí Discord, app ìsọ̀rọ̀ mìíràn. Èmi ni admin, mo ní ká dìbò, ló bá di ọgbọọgba, ó ku Bàbá nìkan. Bàbá yìí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Tudun Wada, àwọn ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, Wásáàpù nìkan ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n lò. Mo bi wọ́n, wọ́n ní, "Kò burú." Etí Hausa ni mo fi gbọ́ ọ, bí Hausa ṣe ń sọ ba komai, pé kò sí wàhálà, mo kà á sí bẹ́ẹ̀ ni, la bá kó lọ. Ṣé mi ò mọ̀ pé bí àgbà bá sọ kò burú báyẹn, ó ti dùn wọ́n ni? Àbí mo mọ̀, tí mo ṣe bí ẹni tí ò mọ̀, torí èmi náà fẹ́ Discord?

Ẹ̀mejì ni mo lọ sílé wọn láti ṣí i fún wọn, fóònù wọn ò gbé e. Àwọn yòókù rò pé ó ti rẹ Bàbá ni, mi ò sì sọ fún wọn pé fóònù ni. Tí àmì ọ̀rọ̀ kan bá rú wa lójú ní Discord, mo máa ń sáré lọ bi Bàbá nínú group àtijọ́ ní Wásáàpù, tí kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́, wọ́n á fi voice note ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èmi á wá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ bíi tèmi... Wallahi, mi ò gbèrò ẹ̀. Àwọn ará Discord ti fi mí ṣe olórí èdè, èmi tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ìyá ìyàwó! Ọjọ́ Friday la máa gbé app náà jáde, orúkọ mi ló wà lókè, ti Bàbá ò sí níbì kankan.

Láàárọ̀ yìí Bàbá kí gbogbo wa ní group àtijọ́ bí wọ́n ṣe máa ń kí wa, kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n wá kọ ọ́ pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?" Mo tẹ rárá, mo pa á rẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún pa á rẹ́... Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n bá kọ ọ́ pé, "Kò burú."

Lọ́tẹ̀ yìí, ó yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ sí wọn?